Kò Sí Májèlé Nínú Omi Malam Sani

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Làálì ti yọ òdòdó. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè ara mi, kí ẹ sì tó bèèrè àwọn ọmọ-ọmọ yín. Mo gbìn ín sí igun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí oòrùn Kano kì í ti í ṣàánú ẹnikẹ́ni, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì le débi pé ọkọ́ ń ta padà síni lọ́wọ́. Kò béèrè ohun púpọ̀. Ó gba omi lọ́wọ́ mi lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó gbàgbé mi. Òdòdó rẹ̀ rí wẹ́wẹ́, ó funfun díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, bí eyín àgbàlagbà, òórùn rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí ẹ kú sí. Àwọn oyin ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

Igi ẹ̀wọ̀n adèlé náà ti gbilẹ̀. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, mo gé e dé orúnkún gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe, ó sì tún rúwé lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sọ pé mo ti pa á. Efinrin ni mo fi sí àárín, n kò sì já a sọ́bẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé efinrin tí a ń já lójoojúmọ́ kì í ráàyè yọ òdòdó, pé ènìyàn nìkan ni irú rẹ̀ ń bọ́, kì í bọ́ oyin. Mo gbé àwo amọ̀ pẹrẹsẹ kan kalẹ̀, mo to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, mo sì bu omi díẹ̀ sí i, kí àwọn oyin lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ mu omi láì rì. Àwọn igi tó gbẹ, n kò tíì fà wọ́n tu, nítorí àwọn kòkòrò kan wà tí inú pòròpórò ni wọ́n ń sùn sí títí ọyẹ́ yóò fi kọjá. N kò fín oògùn kankan. N kò ní fín oògùn sí ilẹ̀ yẹn mọ́ títí èmi náà yóò fi kú.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Èmi ni mo pa ọgbà yín, Bàbá. Kì í ṣe omi. Kì í ṣe Malam Sani.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú yín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Bí mo bá fò ó, mo mọ ara mi, n ó fo ibi tó yẹ kó dùn mí jù.

Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú yín kò ríran mọ́ dáadáa láti mọ òwú dúdú yàtọ̀ sí òwú búlúù, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì àti síìpù yín dé ní ọ̀sán, ibẹ̀ ni ẹ kó ara yín lé. Ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀, ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ohun tí ẹnikẹ́ni ní Sabon Gari kì í gbìn. Wọ́n bi yín pé kí ni a ó jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ní kì í ṣe gbogbo ẹnu tí ó ń jẹun ni ó wà lójú ènìyàn. Òdòdó tí ó ń fẹ́ ìkẹ́, ẹ kò fẹ́ rí i. Àwọn tí gbòǹgbò wọn ń tọ́jú ara rẹ̀ ni ẹ fẹ́, àwọn tí ẹ̀ẹ̀rùn yóò gbẹ títí orí wọn yóò fi dà bí ìgbálẹ̀, tí òjò àkọ́kọ́ yóò sì tún jí wọn. Ẹ tò wọ́n kí èyí lè máa là bí ìyẹn bá ti ń wọ́, kí ó má sí oṣù kan tí oyin yóò dé tí yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Àjákù òwú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ fi ń so àwọn ẹ̀ka tí ó bá tẹ̀, pupa, aláwọ̀ ewé, òféefèé, tí ọgbà náà fi dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ di irun fún.

Mo máa ń dúró lójú fèrèsé wò yín. Ẹ ó lóṣòó pẹ̀lú sínǹgílẹ́ẹ̀tì, orín ní igun ẹnu, ẹ ó máa bá ewé sọ̀rọ̀ ní ohùn tí ẹ kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo ti di ọkùnrin onílé nígbà náà, mo sì ń jowú igi. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́.

Malam Sani ni ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ jẹ́ kí ó bá yín jókòó níbẹ̀. Mai ruwa lásán ni lójú àdúgbò, ọkùnrin tí ń ti ọmọlanke tí ó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi kiri ojúlé wa. Lójú yín, ọ̀rẹ́ ni. Bí ó bá tajà tán ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń da ìyókù omi rẹ̀ sí ìdí àwọn òdòdó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, kò sì gba nǹkan kan. Ẹ̀yin méjèèjì yóò wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ ó pín obì, ẹ ó máa sọ Hausa nípa oyin bí ẹni pé wọ́n jẹ́ aládùúgbò tí ó ní ìwà.

Ẹ ó rántí Sunday yẹn. Àwọn ìyá ìjọ ti fi lọ́fínńdà wẹ sùtánà wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe, oyin sì tẹ̀lé wọn wọ inú ìsìn. Ọ̀kan ta màmá àgbà kan ní ìpéǹpéjú. Nígbà tí a jáde, wọ́n yí yín ká.

“Bàbá, ẹ̀ṣọ́ yín tún bá wa dé iwájú pẹpẹ o.”

“Lọ́fínńdà yín ni ó ń pè é,” ẹ̀yin náà dáhùn. “Ẹ dín òórùn kù. Ọ̀fìnkìn kò ṣe Ọlọ́run.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sún mọ́ yín, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Poli nípa bí a ṣe ń dáàbò bo irè oko, iṣẹ́ ni n kò tíì rí. Mo ní kí a gé àwọn tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí a sì fín oògùn díẹ̀ sí ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti relé. Ìmọ̀ràn tí kò burú ni. Ẹ kọjú sí àwọn ènìyàn, ẹ kò kọjú sí mi.

“Ẹ gbọ́ ọ̀gá Poli. Yunifásítì kọ̀ ọ́, Poli gbé e, ìgbà tí wọ́n sì gbé e, bí a ṣe ń pa nǹkan ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wò ó dáadáa. Kò tíì sí ohun tí ó gbìn tí ó hù, nínú ilé tàbí níta.”

Oyún ìyàwó mi ti bàjẹ́ ní oṣù yẹn. Ẹ mọ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín kí ó tó yé e, ó wá bo ẹnu. Bàbá, ṣé ẹ rò ó kí ẹ tó sọ ọ́, àbí ó kàn bọ́ lẹ́nu yín bí orín? Èyí tí ó burú jù nínú méjèèjì, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa kọ́ wa nípa oògùn kòkòrò ni pé a kì í fín in nígbà tí òdòdó bá là, tí oyin sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgbẹ̀, apànìyàn tí kò tíì rí ènìyàn ni. Ní ọjọ́ Monday, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó títí oòrùn fi yọ dáadáa. Mo dúró de àwọn òdòdó kí wọ́n là. Mo dúró de oyin kí wọ́n pọ̀. Mo po oògùn náà kọjá ibi tí a ní kí a pò ó dé, mo sì da oògùn apakoríko mọ́ ọn kí igi náà má bàa ṣẹ́ kù. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n má ṣe ni mo fi ẹ̀kọ́ mi ṣe. Mo fín in sí ẹnu òdòdó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń fún ọmọ ní oúnjẹ. Wọn kò kú kíákíá. Wọ́n ń yí lórí ilẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn nu ojú wọn.

Mo fi ike tí mo fi fín in sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sì bá tèmi lọ sí Fagge, mo jẹun níbẹ̀, oúnjẹ náà sì dùn.

Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, èrò ti kún ojúlé. Malam Sani ti dé pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀ bí ó ti máa ń dé. Ìdí àwọn òdòdó náà ti ń rọ, ilẹ̀ sì dúdú fún òkú oyin. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì búlúù kan lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì tuntun tí ó fi bu omi sí ìdí òdòdó yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

“Níbo ni o ti ra èyí?”

“Bompai ni, Baba. Ibi tí gbogbo mai ruwa ti ń rà á.”

“Kí ni àwọn ilé-iṣẹ́ Bompai ń gbé sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Omi?”

“Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo tún fi yanrìn fọ̀ ọ́. Ilé mi ni a ti kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀. Wallahi, Baba, ọmọ mi mu ún.”

“Ọmọ tìẹ kì í ṣe òdòdó,” ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Ẹ wò yíká títí ojú yín fi bá tèmi. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kọjá. Ó kàwé nípa oògùn. Kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sọ fún wa.”

“Oya, make Poli talk,” ọmọ kan láti ilé kejì kígbe.

Mo fi imú sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà. Òórùn ọṣẹ ni, àti ti ike tí oòrùn ti pa. Malam Sani ń wò mí láìbẹ̀rù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ó rí i pé èmi ni wọ́n pè, nítorí ó mọ̀ mí, ó sì mọ̀ pé mo kàwé. Mo ní, “Oògùn ni.”

Ó bu ife kan nínú omi náà, ó mu ún tán lójú gbogbo wa, ó sì dúró, bí ẹni tí ń retí kí ìyè rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní ó ti ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lára. Wọ́n da gbogbo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n yọ táyà ọmọlanke rẹ̀ kan, wọ́n sì jù ú sórí òrùlé. A dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àti èmi mọ ohun tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè dà ní ìlú yìí. Ó fi ọwọ́ wọ́ ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ kan náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ojúlé tí ó tún ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, ní tiwa àti ní èyí tó tẹ̀lé e. Ó kó lọ sí Gwagwarwa.

Ẹ kò gbin nǹkan kan mọ́. Ẹ ní ilẹ̀ náà ti bàjẹ́. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu ni pé láti ìgbà náà ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Ọmọ mi tí ó lọ sí Poli. Ọmọ mi tí ó mọ oògùn láti òórùn lásán. Ẹ ń sọ ọ́ fún àlejò, ẹ ń sọ ọ́ ní ìdí pẹpẹ, títí dé orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ká yín mọ́. Gbogbo ìyìn tí ebi rẹ̀ ti ń pa mí láti kékeré, ẹ fi bọ́ mi yó, ó sì korò lẹ́nu mi. Mo rò pé ìjìyà mi nìyẹn. Mo rò pé Ọlọ́run ni ó ń lo ẹnu yín láì jẹ́ pé ẹ mọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo hú erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ náà kúrò, mo gbé òmíràn wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un gbìn. Nígbà tí àwọn oyin àkọ́kọ́ padà dé, n kò lè wò wọ́n lójú. Mo bọ́ sọ́nà, mo lọ wá Malam Sani.

Èédú ni ó ń tà báyìí, níwájú yàrá kan ní Gwagwarwa, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gba ọmọlanke mọ́. Hausa ni a sọ, mo ń tú u sí Yorùbá fún yín nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ lórí mi láti ìgbà náà.

“Ọmọ Baba mai fure,” ó ní. Òun nìkan ni ó ń pè yín ní Baba olódòdó bẹ́ẹ̀. “Sannu da zuwa, káàbọ̀. Mo gbọ́ pé ó kú. Allah ya jikansa, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku èédú, mo sì jẹ́wọ́. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ń di èédú sínú ọ̀rá, ó ń so ó.

“Mo ti mọ̀ pé omi mi kò ṣe nǹkan kan,” ó ní nígbà tí mo parí. “Èmi ni mo fọ kẹ́ẹ̀gì náà. Bàbá rẹ ni kò mọ̀, mo sì ti dárí jì í nítorí pé kò mọ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Ọ̀rẹ́ mi ni. Wọ́n tàn án ni. Ìwọ ni n kò ní nǹkan kan fún.”

“Kí ni kí n ṣe, Malam?”

“Ṣé iwájú yàrá mi ni o ti sọ pé oògùn ni?”

“Rárá. Ojú títì ni.”

“To, ó dára. Kí ló dé tí iwájú yàrá mi ni o ti wá ń kó o jẹ?”

Mo sọ ọ́ ní ojú títì. Ní Sunday tí a ṣe ìrántí yín, bí ìsìn ti parí tí gbogbo ènìyàn wà níta nínú aṣọ funfun, mo dúró síbi tí ọmọlanke náà dúró sí, mo sì sọ ohun tí mo ṣe láì fi ohun kan pamọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìtọ́ àti fún òkò. Bàbá, wọn kò mọ ẹni tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti kó lọ Bàdàn, Ìlọrin, òmíràn sàréè.

“Which Sani, Uncle?” ọmọbìnrin akọrin kan bi mí.

“Mai ruwa tí ó máa ń gba ibí.”

“Because of flower?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “No be person you kill. E don do, sir. Ẹ lọ mu omi.” Wọ́n sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tí ebi ń pa tí ó fẹ́ lọ jẹun ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a lè gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn títí tí kò ní sí ẹni tí a ó dá a padà fún.

Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá ìjọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó fà mí lápá wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Àgbàyà. Ohun tí bàbá ẹ bò mọ́lẹ̀, o wá dúró ní títì o ń hú u.”

“Kí ni ẹ ń wí, Màmá?”

“Ta ni ó fọ ike tí o fi fín oògùn?”

Mo ní ìyàwó mi ni. Nígbà tí mo padà lọ mú un lọ́jọ́ kejì, fífọ̀ ni mo bá a, wọ́n ti da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ògiri. N kò tíì bi ìyàwó mi rí, ẹ̀rù ń bà mí láti bi í.

“Bàbá ẹ ni,” Ìyá Bọ́sẹ̀ wí. “Ọ̀sán ni ó ti dé láti ọjà. Mo wọlé lẹ́yìnkùlé yín wá bu iyọ̀, mo bá a tí ó lóṣòó, tí ó ń fọ ike, tí ó ń sunkún. Mo ní kí ló dé. Ó ní, ‘Ọmọ mi ni, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹnu mi ni ó fà á. Ṣé kí n wá fà á lé aráàlú lọ́wọ́?’ Mo ní àwọn ènìyàn yóò bèèrè o. Ó ní Sani ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní Sani yóò rí àdúgbò mìíràn ta omi sí, òun kò lè rí ọmọ mìíràn.”

“Ẹ sì dákẹ́, Màmá?”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sọ̀rọ̀ ni?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi yín. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó dè é? Ẹ gbọ́ ìró ọmọlanke rẹ̀ láti ìkángun títì, ẹ kò sì dìde lọ sọ fún un pé kí ó gba ọ̀nà ibòmíràn lọ? Nígbà tí ẹ pè mí kí n wá gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì, kí ni ẹ fẹ́ gbọ́? Bóyá ẹ ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi kí n jáde, kí n sọ òtítọ́ fúnra mi, kí ẹ má bàa jẹ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Bóyá ẹ kàn nílò ẹlẹ́rìí. Ojú yín dúró lójú mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Àti gbogbo ìyìn yẹn, Bàbá? Ṣé ẹ̀bẹ̀ ni, àbí ẹ̀san? Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. N kò gbọ́ ibi tí òwe náà ti sọ pé kí a bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ẹlòmíràn fi sí ti ọmọ ẹni.

Mo padà sí Gwagwarwa. Ẹnì kan láti ọjà ti sọ fún Malam Sani pé mo ti sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó gbé àpótí fún mi jókòó. Mo gbé efinrin kan dání nínú agolo, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Daidoya,” bí Hausa ti ń pè é, ó sì ní òun yóò gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà nítorí yín, kí oyin Baba lè wá kí òun. Ó bù mí ní obì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn yín, bí ẹ ṣe máa ń bá òun jiyàn nípa èyí tí oyin fẹ́ràn jù nínú òdòdó pupa àti funfun. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yin ni gbogbo ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un ní òpópónà wa, ó sì dì yín mú.

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ìgbà kejì nìyẹn tí n ó jókòó tì í tí n ó jẹ́ kí ó gba irọ́ gbọ́. Mo sọ fún un. Mo sọ nípa ike, mo sọ nípa ọ̀sán yẹn, mo sọ ohun tí ẹ wí nípa àdúgbò mìíràn. Ó wo obì tí ó kù ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra fi í sílẹ̀ lórí àpò èédú.

“Kai,” ó ní. “O ì bá fi èyí sílẹ̀ fún mi.”

Ó gbé agolo efinrin náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa lọ ilé, kí n má padà wá. Ní ẹnu ọ̀nà ni mo bi í, bí òmùgọ̀, nípa àdúrà Jímọ̀. Ó ní ẹni tí òun ń dárúkọ rẹ̀ kò sí. Òun kò mọ Baba tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Nítorí náà, Bàbá mi, ẹnì kan wà ní ìlú yìí tí ó ń bẹ Ọlọ́run fún yín lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kì í ṣe ìbátan yín, ìsìn yín kò pa pọ̀, kò sì jẹ yín ní nǹkan kan. Èmi ni mo dá a lẹ́kun. Mo pa oyin yín, mo sì tún gba àdúrà yín. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ní àkókò tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun láti ọ̀nà Fagge, mo kúnlẹ̀ láti dárúkọ yín dípò rẹ̀. Mo pe orúkọ yín. Lẹ́yìn orúkọ náà, n kò rí ohun tí n ó sọ, mo sì dìde. Bóyá ní Jímọ̀ tí ń bọ̀.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín, tí n kò sì tíì lè dárí jì yín,
Ọmọ yín.